Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Omi Aró Tó Ń Ṣàn Lọ sí Ògùnpa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Ìbàdàn.

Alága wa ọ̀wọ́n,

Àwa ẹgbẹ́ aláró àti oníkànpálà kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ ra asẹ́ carbon nanotube, ìyẹn asẹ́ tí a fi ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tíntìntín oníhò ṣe, sí ẹnu gọ́tà wa. A dúpẹ́, àwa tí a ń ya òpó gbọ̀ngán Màpó sára àdìrẹ Ìbàdàndùn náà kò fẹ́ kí odò ìlú wa máa ṣàn ní búlúù. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ bá wa gbẹ́ kòtò. Asẹ́ ló yẹ kó kẹ́yìn.

Ihò irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má ju nanómítà 1 sí 2 lọ; nanómítà kan ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà kan. Fífẹ̀ irun orí kan tó bíi nanómítà 80,000. Omi ń yára gba inú rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń fa aró mọ́ra. Ṣùgbọ́n àbẹ́là tí a fi ń ya bátànì kò ní jẹ́ kó pẹ́: bí omi gbígbóná tí a fi yọ ọ́ bá ti tutù, á dì bo ojú asẹ́ bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná. Láfún tí a fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà ń dí i.

Nínú kòtò kìíní, ká jẹ́ kí omi tutù, ká ré àbẹ́là ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ká fi igi rò ó dáadáa. Hydros, oògùn tí a ń dà sínú aró pẹ̀lú kọ́sítíìkì, ló mú kí aró yòrò. Tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, omi tó rí bí ewé á di búlúù, aró á di ìyẹ̀fun tó lè silẹ̀. Ká wá fi ásíìdì díẹ̀díẹ̀ pa agbára kọ́sítíìkì, títí bébà ìdánwò pH, tó ń fi bí omi ṣe kan sí hàn, yóò fi wà láàárín 6 sí 7.5. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: bí kọ́sítíìkì bá ṣì pọ̀, álọ́ọ̀mù tí a ó dà sí i láti kó aró jọ á kàn yòrò dànù ni, kò ní ṣù. Ife funfun 5, ìwọ̀n álọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, la ó fi dán an wò. Èyí tó bá tètè mọ́ la ó tẹ̀ lé. Tó bá di ọjọ́ kejì, ká sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn. Àwọ̀ tó bá ṣẹ́kù ni ti nanotube.

Ẹ fún wa láàyè kòtò mẹ́ta onísìmẹ́ńtì, àti ibi tí a ó máa da ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí, nítorí aró wà nínú ẹrẹ̀ yẹn. Kí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn fi asẹ́ ẹyọ kan dán omi wa wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. Kí wọ́n wò ó bóyá nanotube fúnra rẹ̀ ń já bọ́ sínú omi tó jáde; irú kan nínú rẹ̀ ti ba ẹ̀dọ̀fóró eku jẹ́ nínú ìdánwò.

Álọ́ọ̀mù àti ásíìdì di tiwa láti máa rà. Títí kòtò yóò fi parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù wa.

Àwa ni tiyín,
Ẹgbẹ́ Aláró àti Oníkànpálà