Lẹ́tà sí Bísí nípa ilé Sùúrùlérè

Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, Èkó.
Oṣù Kejì.

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́: pálọ̀ funfun àwọn ará Sweden, àgbàlá Mòrókò tí omi ń tú jáde láàrin rẹ̀, ọgbà òdòdó àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti ọgbà òkúta wẹ́wẹ́ ti Japan. O ní kí n bá ẹ mú ọ̀kan fún ilé bàbá yín ní Sùúrùlérè. Mi ò ní mú ìkankan lódindi, ṣùgbọ́n màá já díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ọjọ́ ibi tí wọ́n ti kọ́ wọn ni wọ́n kọ́ wọn fún. Tiwa, òjò àti ooru ni. Torí náà, ọ̀nà tí omi máa gbà jáde àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé la máa kọ́kọ́ yanjú. Ọ̀dà àti kọ́tìnnì lè dúró.

Ó sì yẹ ká yára, torí oṣù kẹrin ni òjò máa wọlé, tó bá sì di oṣù kẹfà, kò sí bíríkìlà tó lè ṣiṣẹ́ ìta láṣepé.

Ògiri ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ojú títì yín ti ga ju kọ́ńpáùnd lọ báyìí, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ni wọ́n ń gbé e ga sí i. Ohun táwọn ará àdúgbò ń ṣe ni pé kí wọ́n da yanrìn kún kọ́ńpáùnd, kí wọ́n tẹ́ íńtálọ́kì lé e títí tó fi máa bá ilẹ̀ pálọ̀ dọ́gba. Ibẹ̀ gan-an ni ìjàngbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpele kan wà lórí ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń dá omi ilẹ̀ dúró. Tí yanrìn bá ti bò ó, omi á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á máa gun búlọ́ọ̀kù lọ sókè bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Ọ̀dà tó ń ṣí àti ìyẹ̀fun funfun tó ń hù lára ògiri pálọ̀ yín, àmì rẹ̀ nìyẹn. Tí péńtà bá ní òun máa fi gílóòsì bò ó, má gbà fún un. Omi tí kò rí ojú ògiri gbà jáde kì í padà sílẹ̀, ńṣe ló máa tún gòkè sí i, tí á sì bẹ́ síta lókè ibi tí gílóòsì parí sí.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí. Kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ ní fíìtì 2 yí ilé ká, títí ojú rẹ̀ á fi fi íńṣì 6 relẹ̀ ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ. Kí wọ́n tún wa ojú ọ̀nà kan sísàlẹ̀ rẹ̀ fún páìpù oníhò íńṣì 4, tí wọ́n ti fi aṣọ geotextile (aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tó ń dá iyẹ̀pẹ̀ dúró) wé, kó máa dà lọ sí gọ́tà. Ní gbogbo fíìtì 5, kí páìpù náà fi íńṣì 1 relẹ̀. Tí gọ́tà ìta bá ga ju páìpù lọ, bó ṣe rí ní iwájú ilé yín, kòtò kékeré kan ní igun kọ́ńpáùnd pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi ló kù. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀, íńṣì 3, ni wọ́n máa dà sórí gbogbo rẹ̀. Wàá rí i pé ọgbà Japan rẹ ti dé nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́: òjò tó bá bọ́ sórí òkúta kì í ta ẹrẹ̀ sára ògiri. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá lásán rọ́pò aṣọ náà, torí ọ̀rá máa gbá omi jọ. Bí o bá sì da òkúta sórí ilẹ̀ láìtẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, koríko á ti bò ó kí òjò àkọ́kọ́ tó tán.

Nínú ilé, kí bíríkìlà họ pílásítà àtijọ́ kúrò dé fíìtì 4, kó fi ògiri sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni kó po sìmẹ́ńtì kan mọ́ ṣáàpù sáńdì mẹ́rin, pẹ̀lú oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Kí síkírídìn POP má kan ibẹ̀ rárá, omi díẹ̀ ló máa sọ ọ́ di ẹ̀kọ.

Ti òrùlé kò gùn. Párápẹ́ẹ̀tì tí àbúrò rẹ ọkùnrin ń sọ, tí wọ́n ń fi ògiri yí páànù ká kí ilé lè dà bíi ti ìgbàlódé, mi ò fọwọ́ sí i. Gọ́tà tó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri yẹn ni ewé máa ń dí, omi á kún, á gba abẹ́ páànù wọlé, POP sílìnì á sì já lulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta ju ògiri lọ ní fíìtì 2 ààbọ̀ tàbí 3. Páànù alumíníọ̀mù 0.55 mílímítà ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe 0.45, kí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fàráńdà ló kàn, èmi àti ìwọ máa jà díẹ̀ níbẹ̀. O fẹ́ dí i kó di yàrá kẹrin. Bísí, ìwọ̀-oòrùn ni iwájú ilé yín kọjú sí. Oòrùn ọ̀sán gangan, òrùlé ló ń gbà á. Ti aago mẹ́ta sí mẹ́fà ló ń wọ inú ilé, fàráńdà yẹn nìkan ló sì ń dá a dúró. Àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wá láti Brazil, mọ èyí, àwọn òyìnbó rélùwéè náà sì mọ̀ ọ́n. Wo ilé Da Rocha ní Kàkáwá, tàbí Jaekel House tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898 ní ọgbà rélùwéè níbí, wàá rí bí wọ́n ṣe ń fi ibòji ṣáájú ògiri. (Má sì jẹ́ kó pẹ́ kóo tó wá wò ó: Ìlójò Bar tó wà ní Tinúubú, wọ́n ti wó o lọ́dún 2016.) Tí o bá fẹ́ kí ojú ayé má wọlé, búlọ́ọ̀kù oníhò ni kẹ́ ẹ fi mọ ìlàjì ògiri, kí ìdí ihò náà dagun síta kí òjò má baà ṣàn wọlé.

Afẹ́fẹ́ wa, láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ́pọ̀ oṣù, àyàfi ìgbà ọyẹ́. Nítorí náà gbogbo yàrá ló yẹ kó ní ojú fèrèsé méjì, ní ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fèrèsé tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ fi sí i. Èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì tún máa dín afẹ́fẹ́ ìdajì yẹn kù.

Pálọ̀ funfun ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n wọn lọ́hùn-ún nígbà òtútù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn gíláàsì ńlá àti ògiri bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ní Èkó, ojú á máa ro ẹ́, gbogbo eruku ọyẹ́ á sì hàn lára rẹ̀. Mú àwọ̀ èèpo ẹyin, kó jẹ́ sátìn tó ṣe é fọ̀. Yàrá fíìtì 12 sí 12, tí sílìnì rẹ̀ ga ní fíìtì 10, máa gba bíi lítà 8 fún kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì, torí náà garawa onílítà 20 kan tó yàrá méjì. Gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, tí wọ́n kọ 3000K sí lára, ni kẹ́ ẹ fi sí pálọ̀. Ẹ fi èyí tó funfun bàláú sí kíṣíìnì.

Tẹ̀ràsò tó wà nílẹ̀ yẹn, mo bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ́ táìsì lé e. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ họ ojú rẹ̀, kí wọ́n dán an. Táìsì á gbé ilẹ̀ sókè bí íńṣì 1, gbogbo ilẹ̀kùn ni káfíńtà á tún máa gé ìdí rẹ̀.

Àga, ìrókò tàbí ọ̀gánwó tó ti gbẹ. Tí o bá ra pákó, kí wọ́n tò ó síbi tí òjò ò lè dé, kí igi tínínrín wà láàrin wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Pákó tútù á lọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kàn án tán. MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀, á wú níbikíbi tí omi bá dé. Adìrẹ ni kóo fi bo tìmùtìmù, kóo gbé e jìnnà sí fèrèsé, torí oòrùn máa ń jẹ aró.

Mòrókò: gbà àgbàlá, fi omi sílẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, omi tó ń gbẹ lọ máa ń mú ara tutù. Tiwa ti kún fún ọ̀rinrin tẹ́lẹ̀, ẹ̀fọn nìkan ló máa jèrè rẹ̀.

Ní ti ọgbà ẹ̀yìn, láfẹ́ńdà máa jẹrà nínú òjò wa. Èyí tó wù mí nínú àwòrán Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni bí gíga àti kúkúrú ṣe pọ̀ mọ́ra. A lè fi tiwa ṣe é. Ẹ gbin pèrègún sẹ́bàá ògiri, kẹ́ ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kẹ́ ẹ rì í nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ wọlé, kí àlàfo wọn jẹ́ bí íńṣì 18. Hibiscus ló máa wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà ixora, kí ẹfìnrìn àti koríko ọba wà létí ọ̀nà. Ixora nìkan ló ń ṣàkọ. Tí ewé rẹ̀ bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí iṣan ewé náà sì ṣì ní àwọ̀ ewé tútù, kì í ṣe òùngbẹ omi. Sìmẹ́ńtì àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tó wà nínú ilẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí irin jẹ. Ẹ kó àfọ́kù kúrò, kẹ́ ẹ gbìn ín ní fíìtì 2 sí ògiri. Igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sókàwéè, ẹ gé e. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ń wá omi lọ síbẹ̀.

Ti bákóní Ṣadé ní Yábàá, tó fẹ́ gbin nǹkan sínú garawa: garawa ọ̀dà onílítà 20 tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ tútù máa ń wúwo tó kílò 30 sí 35. Kó má tò wọ́n sí etí irin bákóní, kó tò wọ́n sẹ́bàá ògiri. Ihò mẹ́fà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ dúdú méjì, yanrìn kan, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà kan. Èyí tí kò tíì jẹrà á jó gbòǹgbò. Kó da yanrìn sínú àwo tó wà lábẹ́ wọn kí ẹ̀fọn má baà yé síbẹ̀. Omi tó ń kán láti ara AC dára fún ata àti tẹ̀tẹ̀.

Kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ wọn ìbú fàráńdà fún mi, kó sì ya àwòrán gọ́tà iwájú ilé lẹ́yìn tí òjò bá rọ̀. Má tíì sanwó fún péńtà. Bíríkìlà ló kàn, ìlàjì owó rẹ̀ ni kóo fún un, kí ìyókù dúró títí òjò á fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni tìẹ,
Títí