Ẹ má fi pàṣán wo ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí àwọn dókítà ń sọ pé wọ́n ní ADHD, ìyẹn ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọkàn ọmọ dúró lójú kan tàbí kí ara rẹ̀ balẹ̀, ló ń dùn mí. Níhìn-ín l'Ẹ̀pẹ́, bí irú wọn bá ti ń yíra lórí bẹ́ńṣì, pàṣán ló kàn, tàbí kí wọ́n ní ayé ló ń ṣe wọ́n.

Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn Ariaal, darandaran ìhà àríwá Kẹ́ńyà. Wọ́n yẹ jíìnì DRD4 wò, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ohun àbímọ́ni tí à ń jogún lára òbí, èyí tí oríṣi rẹ̀ kan ti máa ń jẹ yọ nínú ìwádìí lórí ADHD. Nínú àwọn ọkùnrin tó ṣì ń da ẹran káàkiri, ara àwọn tó ní oríṣi náà jí pépé ju tàwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Nínú àwọn tó ti fìdí kalẹ̀ sójú kan, àwọn tó ní in ló tún rù jù. Jíìnì kan náà o! Ìwádìí kan ṣoṣo kò lè parí ọ̀rọ̀, àmọ́ ó yẹ kó mú wa ronú.

Ẹ wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà: ọwọ́ ń fa àwọ̀n, ojú ń ṣọ́ afẹ́fẹ́, ó sì ti rí ibi tí ẹja ti ta kí bàbá rẹ̀ tó yíjú.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dìde, kí wọ́n nu pátákó, kí wọ́n pín ìwé. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ẹ̀pẹ́.