Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gifford kì í ṣe ìwàásù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Kò tọ̀nà bí àwọn kan ṣe ń pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gifford ní ìwàásù, nítorí ohun tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ kọ sílẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Adájọ́ ni Adam Gifford ní Scotland. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1887, ó fi 80,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ fún yunifásítì Edinburgh, Glasgow, St Andrews àti Aberdeen, kí wọ́n lè máa pe àwọn ọ̀mọ̀wé wá sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣàlàyé ìràwọ̀, láìgbára lé iṣẹ́ ìyanu. Ẹlẹ́sìn èyíkéyìí, àti ẹni tí kò tilẹ̀ ní ẹ̀sìn rárá, ni a lè pè, bí ó bá ṣáà ti ń wá òtítọ́ tọkàntọkàn. (Bí adájọ́ gidi ṣe ń gbọ́ tẹnu gbogbo ẹlẹ́rìí nìyẹn.)

Ó tún ní kí ìlẹ̀kùn ṣí fún gbogbo ará ìlú. Àbùkù tí mo rí wà níhìn-ín: ọ̀rọ̀ tí William James, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, sọ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní Edinburgh ní 1901 àti 1902 yé ẹni tó bá fara balẹ̀, ṣùgbọ́n ti Alfred North Whitehead, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1927 sí 1928, le kọjá ohun tí ará ìlú lè rí mú.

Èmi ni òǹkàwé yín.