Ta Ló Kù Lọ́dọ̀ Ìyá Ìkókó Lọ́jọ́ Kẹsàn-án?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá.

Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi bímọ ní Kubwa, àwa tí a péjú síbi ìkómọ lé ní ọgọ́ta. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa gbé àga àti kánópì wá, a jẹ, a mu, a náwó fún ọmọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, òun àti ọmọ nìkan ló kù nínú yàrá, nítorí pé aago márùn-ún ìdájí ni ọkọ rẹ̀ ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ì bá ti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ, kó sì fi omi gbígbóná tẹ ìyá ìkókó níkùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀nà Lọ́kọ́ja ń bà á. Kí oṣù tó pé, ìyá ìkókó kò sùn lóru mọ́, ó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe tòun.

Àwọn àgbà mọ àìsàn yìí, wọ́n ní orúkọ fún un: àbísínwín. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sọ ni pé ká tètè gbé e lọ sílé kí àdúgbò tó gbọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí di òní, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi bò ó mọ́lẹ̀ ká tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ara rẹ̀ ti yá báyìí.

Ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí i ká. Ìbátan kan á bá aláìsàn wá, á máa se oúnjẹ fún un, á máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Àwa la ṣe é nígbà náà! Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní oṣù kìíní ọdún 2023, ó sì gba ipò òfin wèrè ti 1958, ṣùgbọ́n ojú wèrè tí ti 1958 yẹn fi ń wo aláìsàn ṣì wà lọ́kàn wa.

Bí òkú bá ṣẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, ìwé wà tí a ń kọ orúkọ sí, pé lágbájá ni yóò gbé omi, tàmẹ̀dò ni yóò gbé ìrẹsì. Ẹ jẹ́ ká ṣí irú rẹ̀ fún ìyá ìkókó, fún ogójì ọjọ́: ẹni tí yóò wẹ ọmọ, ẹni tí yóò gbé e kí ìyá lè sùn, ẹni tí yóò bá wọn lọ sí ọsibítù bí ọ̀rọ̀ bá dé bẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ orúkọ tèmi sí.

Ìyá Báyọ̀,
Kubwa, Àbújá