Ohun tí mò ń wá nínú igbó: lẹ́tà sí Ìyá mi ní Ìdànrè

Machynlleth, Wales.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 2025.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ kòkó, ẹ kú òjò, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé àbúrò mi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó rọra kà á, kí ó má fo ibì kankan. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún yín pé inú igbó ni mo ti ń bọ̀, ẹ sì bi mí pé kí ni mò ń wá kiri inú igbó, èmi tí n kò ní oko níbẹ̀, tí n kì í ṣe ọdẹ, tí n kò sì lọ já ewé. Kí n tó dáhùn ni ìlà já. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn yín pé ọkàn yín kò balẹ̀, bí ẹni pé mò ń fi ìṣòro kan pamọ́ fún yín. Kò sí ìṣòro kankan, Ìyá mi.

Ìrìn lásán ni. Àwọn ará ibí a máa rìn láìní ibi tí wọ́n ń lọ. Bàbá arúgbó yóò wọ bàtà òjò, yóò mú ọ̀pá, yóò pe ajá rẹ̀, yóò gun òkè lọ fún wákàtí méjì, yóò sì padà sílé lọ́wọ́ òfo tẹ̀ríntẹ̀rín. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí a dé ìlú yìí, mo máa ń mú àpò dání bí mo bá jáde, kí ẹni tó bá rí mi lè rò pé wọ́n rán mi níṣẹ́ ni. Mo ti fi àpò náà sílẹ̀ báyìí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé inú oko olóko ni ọ̀nà ẹsẹ̀ wọ̀nyí gbà kọjá, òfin sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti rìn ín. Wọ́n fi ọfà aláwọ̀ ìyeyè sára òpó, wọ́n sì kọ “Llwybr Cyhoeddus” sára pákó ní ẹnu ọ̀nà, ìyẹn ni pé ọ̀nà gbogbo ayé ni. Níbi tí ọgbà bá ti dínà, wọ́n a kan àtẹ̀gùn pákó kékeré mọ́ ọn, tí ènìyàn lè gùn kọjá ṣùgbọ́n tí àgùntàn kò lè gùn. Bí ó bá sì jẹ́ géètì ni, bí a bá ṣe bá a ni a gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀: bí a bá bá a ní títì, a ó tì í padà. Bí àjèjì kan bá la oko kòkó yín já ní Ìdànrè lójoojúmọ́ pẹ̀lú ajá lọ́wọ́, mo mọ ohun tí ẹ máa pè é.

Ṣùgbọ́n ìwà wọn kan wà tó máa dùn mọ́ yín nínú: wọ́n ń kíni. Kò sí ẹni tó máa pàdé ẹlòmíràn lójú ọ̀nà yẹn tí kò ní kí i. “Bore da” ni ti àárọ̀, “prynhawn da” ni ti ọ̀sán. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì o. Èdè ìbílẹ̀ wọn ni, òun náà ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ-ọmọ yín nílé ìwé. Wọ́n ti kọ́ ọ pé “Nain” ni ìyá àgbà, nítorí náà bí ó bá fi orúkọ yẹn pè yín lórí fóònù, ẹ jẹ́ ẹ, ẹ̀yin ni ó ń pè.

Ìgbà ìwọ́wé ni a wà yìí. Àwọn òkè ibí kì í ṣe àpáta gàǹgà bí òkè Òròsùn tiwa ní Ìdànrè. Koríko ló bo púpọ̀ nínú wọn títí dé orí, ewéko kan tí ewé rẹ̀ jọ imọ̀ ọ̀pẹ kéékèèké ló sì bo ẹ̀gbẹ́ wọn. Ní oṣù Keje, àwọ̀ ewé tútù ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ó di àwọ̀ irin tó ti dípẹtà, tí ó fi dà bí ẹni pé iná jó òkè náà díẹ̀díẹ̀ láìní èéfín. Nísàlẹ̀, odò Dyfi ń ṣàn lọ sí òkun, kùrukùru a sì sùn lé e lórí láàárọ̀ títí oòrùn yóò fi lé e kúrò. Olú pọ̀ nínú koríko, pupa, funfun, aláwọ̀ ìyeyè, mo sì ń rántí yín nígbàkúùgbà tí mo bá rí i, ṣùgbọ́n n kò já ẹyọ kan rí. Olú tí n kò mọ ìyá tó bí i kò ní wọ ìkòkò mi.

Lọ́jọ́bọ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà aládùúgbò wa kan tó ń sin àgùntàn, mo sì rí i pé ìdí àwọn kan nínú wọn jẹ́ àwọ̀ búlúù, ti àwọn mìíràn sì pupa. Mo rò pé àmì olówó wọn ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi àgbò rẹ̀ hàn mí: ọ̀dà ló fi kun àyà rẹ̀. Abo tí àgbò náà bá gùn, ọ̀dà yóò lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, olóko yóò sì mọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ìgbà tí abo tí kò lóyún tún máa ń wá akọ, bàbá náà á pààrọ̀ àwọ̀ ọ̀dà, tó fi jẹ́ pé èyí tó bá tún gba àwọ̀ kejì, ti àkọ́kọ́ kò dúró nìyẹn. Ibẹ̀ ni yóò ti ka oṣù márùn-ún, tí yóò fi mọ àwọn tó máa kọ́kọ́ bí àti àwọn tó máa bí tẹ̀lé wọn. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ máa béèrè pé bí òjò bá wá fọ ọ̀dà náà dànù ńkọ́? Mo bá yín béèrè. Òróró ni wọ́n fi pò ó, kì í tètè ṣí.

Ọ̀rọ̀ òjò yìí ni iṣẹ́ ilé wa dá lé. Òjò tiwa nílé a máa dé pẹ̀lú ìjì, a rọ̀, a sì dá, oòrùn a yọ, ẹ ó sì ká tápólì kúrò lórí kòkó. Tibí a máa ṣẹ̀ wínníwínní láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo lè sá aṣọ sórí okùn lẹ́yìnkùlé ní ọjọ́ Ajé kí n sì ká a ní ọjọ́rú ní tútù bí mo ṣe sá a. Èmi ni mò ń fọṣọ o, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé ìwòsàn ní Aberystwyth ni ìyàwó yín ti ń ṣiṣẹ́ òru, èmi sì ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, nítorí náà ọwọ́ mi ni aṣọ, ìkòkò àti iná wà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aṣọ ìnura ni mo fi ń nu omi tó ti rọ̀ sójú gíláàsì fèrèsé, nítorí bí a bá fi í sílẹ̀, ògiri a bu bí kòkó tí a kò sá dáadáa.

Gáàsì inú páìpù kò dé àdúgbò wa. Kẹrosíìnì tí ọkọ̀ ń wá rọ sínú táǹkì lẹ́yìnkùlé ló ń mú ilé gbóná, ó sì wọ́n, nítorí náà ààrò onírin tí a fi igi dá ni a gbọ́kàn lé. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọkùnrin kan gbé igi wá tà fún mi, ó ní ó ti gbẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná rẹ̀, omi ń hó jáde ní ẹnu igi, ó ń dún ṣìì, ilẹ̀kùn gíláàsì ààrò sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Aládùúgbò kan mú ẹ̀rọ kékeré kan wá, tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi, tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu. Ó la igi kan sí méjì, ó gún abẹ́rẹ́ náà mọ́ inú rẹ̀, ó sì fi 34 nínú ọgọ́rùn-ún hàn. Ó ní kò gbọdọ̀ kọjá 20, àti pé èéfín igi tútù a máa di ọ̀dà sínú ihò èéfín, tí iná sì lè ràn mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Ìyá mi, ẹ̀rọ àwọn agbàkòkó ni mo rántí lójú ẹsẹ̀! Mo rí yín níwájú òṣùwọ̀n, tí ẹ ń ṣọ́ bóyá 7 ni yóò fi hàn tàbí 8, tí ẹ sì ń bá wọn jiyàn bí ó bá ti fi 9 hàn. Mo ti to igi náà sábẹ́ ìbòrí pẹ̀lú àlàfo tí atẹ́gùn yóò máa gbà kọjá. Ti ọdún tó ń bọ̀ ni. Mo tún ra òmíràn, mo sì yá ẹ̀rọ náà kí n tó sanwó.

Oúnjẹ kò jẹ́ ìṣòro. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọjà níbí, láti ọdún 1291 tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí i, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́. Mo ń ra kárọ́ọ̀tì, pòtétò àti àlùbọ́sà eléwé gígùn níbẹ̀, mo sì ń fi ẹran àgùntàn sè wọ́n ní ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cawl. Bí ọbẹ̀ wa, ọjọ́ kejì ni ó ń dùn jù. Mo fi ata rodo sí tèmi.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ aago. Ní òru ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n dá aago padà sẹ́yìn fún wákàtí kan. Títí di àná ọjọ́ yẹn, aago tiwa àti tiyín dọ́gba. Báyìí, bí aago mẹ́jọ bá lù lọ́dọ̀ yín, méje ni níbí, yóò sì rí bẹ́ẹ̀ títí di òpin oṣù Kẹta. Kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù ni oòrùn ti ń wọ̀. Nítorí náà, ọ̀sán ni màá máa rìn báyìí, kí ọkàn yín balẹ̀, màá sì máa pè yín ní aago mẹ́jọ alẹ́ tiyín.

Mo fẹ́ lọ yí aṣọ tó wà níwájú ààrò kí ìyàwó yín tó jí. Ẹ ní kí àbúrò mi sọ fún mi iye tí ẹ̀rọ fi hàn lórí kòkó tí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ lọ́dún yìí.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní.