ÌWÉ Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ SÓDÀ LÁÌMÙ ÀTI KÚẸ́RÌ TÍ ILÉ ÌWÒSÀN KỌ SÍ ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́ WA

Sí Alága àti àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso Ilé Ìwòsàn.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Àwa nọ́ọ̀sì akunilóorun ilé ìwòsàn yìí ń kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí a kò bá sí ní tíátà, kò sí dókítà tó lè gbé ọ̀bẹ sára aláìsàn ní gbogbo agbègbè yìí; a kò sọ ọ́ láti gbéra ga.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwòsàn kọ kúẹ́rì sí mẹ́ta nínú wa pé wọ́n ń fi isoflurane, oògùn akunilóorun tí aláìsàn ń fà símú, ṣòfò, ó sì ní kí wọ́n sọ ìdí tí òun kò fi ní yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí ilé ìkóògùnsí ti ń dá ìwé tí a fi béèrè sódà láìmù padà, pé kì í ṣe kòṣeémánìí. Sódà láìmù ni horo funfun inú agolo ẹ̀rọ wa, tó ń fa carbon dioxide inú èémí aláìsàn, kí ìyókù afẹ́fẹ́ náà lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà nínú agolo wa ti di elése àlùkò, àmì pé agbára rẹ̀ ti tán. Kí aláìsàn má baà máa fa èémí tó ti lò símú, àfi kí a ṣí afẹ́fẹ́ tuntun dé lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan, dípò lítà 1 tí a ń lò tẹ́lẹ̀. Ìṣirò tí a kọ́ wa ni pé, bí isoflurane bá wà ní ìdá 1 nínú 100, lítà 1 ń jẹ nǹkan bíi mílílítà 3 ní wákàtí kan, lítà 6 sì ń jẹ 18. Ìgò mílílítà 250 tó yẹ kó bá wa lo wákàtí 80 ó lé ń tán kí wákàtí 14 tó pé. Ta wá ni apòfò, ẹ̀yin ọlọ́lá? Ìbéèrè lásán ni.

Isoflurane tó ń ṣòfò náà kò kúkú parẹ́. Rọ́bà kan ló ń gbé e gba ojú fèrèsé tíátà jáde sí òfuurufú, níbi tó ti ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po 500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá fi wé carbon dioxide ìwọ̀n kan náà.

A tún gbọ́ pé ẹ fẹ́ ri páìpù nitrous oxide, gáàsì akunilóorun mìíràn, sínú tíátà tuntun. Ní Skọ́tílándì, tó jáwọ́ nínú desflurane, òun náà oògùn akunilóorun tí à ń fà símú, ní 2023, irú páìpù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn ń tì pa, nítorí èyí tó ń jò dànù nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn lọ. Sílíńdà kékeré ara ẹ̀rọ ti tó fún wa. Ọ̀pọ̀ aboyún tí a ń ṣiṣẹ́ abẹ fún, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni a ń fún wọn, kò sì sí gáàsì kankan nínú ìyẹn.

Ẹ dákun, ẹ ra sódà láìmù fún wa, ẹ fi ìwé fagi lé kúẹ́rì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì pè wá jókòó kí owó páìpù tó jáde. Owó iṣẹ́ òru oṣù méjì àti gílóòbù yàrá ìsinmi wa tó ti kú náà ń dúró dè yín.

Títí di òní, a kò kọ iṣẹ́ abẹ kankan. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé wa ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ béèrè bóyá ó tọ́ kí a ṣì máa fi ẹ̀rọ tí kò ní sódà láìmù kun aláìsàn lóorun, bí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ bá ṣeé sún síwájú. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.