Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́ Onílù: Ìpàdé Lórí Iṣẹ́ Earl Palmer

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a kí yín o. Ní ọjọ́ Sátidé tí yóò kẹ́yìn oṣù yìí, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó jókòó gbọ́ iṣẹ́ Earl Palmer, ọ̀kan nínú àwọn onílù tí ó fi ìpìlẹ̀ irú orin tí wọ́n ń pè ní rock and roll lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ìlú New Orleans ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1924. Láti kékeré ni ó ti ń jó tap, ijó tí a fi bàtà lu ilẹ̀ bí ìlù, lórí ìtàgé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, mo sì gbà pé ẹsẹ̀ ijó yẹn ni ó wọ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó di onílù nínú ẹgbẹ́ olórin Dave Bartholomew lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Òun ni ó lùlù fún akọrin Fats Domino nínú "The Fat Man" ní 1949, àti fún akọrin Little Richard nínú "Tutti Frutti" ní 1955. Nínú orin Domino yìí, ẹ fetí sí ọwọ́ òsì rẹ̀: bí a bá ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, orí èjì àti ẹ̀rin ni igi rẹ̀ ti ń balẹ̀ lórí snare, ìlù kékeré tí ó máa ń dún gbì gán-an-rán, láìyẹ̀, títí orin fi parí.

Ní 1957, ó kó lọ sí Los Angeles, ó sì di onílù tí àwọn ilé ìgbohùnsílẹ̀ ibẹ̀ ń wá kiri. Ọdún 2000 ni wọ́n tó gbà á sínú Rock and Roll Hall of Fame, ilé ìbọlá fún àwọn àgbà olórin rock and roll; ó kú ní 2008.

Kí olúkúlùkù mú igi ìlù rẹ̀ dání, nítorí a ó jọ lu ọwọ́ ìlù orí èjì àti ẹ̀rin náà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́